Owó omi: àpò ta ló ti ń jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Báàgì píọ̀ wọ́tà kan, ewé ogún ló wà nínú ẹ̀, ìdajì lita ni ewé kọ̀ọ̀kan (tó bá pé o, torí àwọn míì ti ń fọgbọ́n bù ú kù), lita mẹ́wàá ni gbogbo ẹ̀. Ká ní ₦400 lẹ ra báàgì yẹn, lita kan ti bọ́ sí ₦40 nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ omi lókè òkun kì í ka omi ní lita kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún lita ni wọ́n fi ń gbowó, ẹ jẹ́ káwa náà fi ẹgbẹ̀rún lita kà á: ₦40,000. Ní England tí wọ́n ti ń lọgun báyìí pé owó omi fẹ́ pa àwọn, ẹgbẹ̀rún lita omi ẹ̀rọ máa ń jẹ́ bíi páùn méjì sí mẹ́ta. Tí a bá fi ₦2,000 ṣẹ́ páùn kan, ₦4,000 sí ₦6,000 ni.

Ẹ má tíì dá mi lóhùn pé ta ló ń fi píọ̀ wọ́tà fọṣọ. Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ mẹ́ruwà tó ń ta omi kiri nígbà náà. Kẹ́ẹ̀gì lita 25, ká ní ₦100 péré ló fi gbé e wọlé fún yín, ogójì kẹ́ẹ̀gì ló máa pé ẹgbẹ̀rún lita, ₦4,000 náà nìyẹn. Iye tí ará London ń san làwa náà ń san, àmọ́ tiwọn ń gba inú páìpù wọlé, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní lábù, ó ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ bá wọn ní balùwẹ̀, tiwa dẹ̀ jókòó sórí ọmọlanke, a ò mọ kànga ta ni wọ́n ti fà á, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá mú tí kànga gbẹ, mẹ́ruwà á sọ iye tó bá wù ú, ẹ ò dẹ̀ ní lè bá a jà torí omi lẹ fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní England ló fa gbogbo ìṣirò yìí. Ó pè mí, bíìlì omi wọn ló ń sọ ṣáá. Kò parọ́ o. Ní April 2025, ìpíndọ́gba owó omi ilé kan ní England àti Wales kúrò ní nǹkan bíi £480 lọ́dún, ó di £603, ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn tó ti ráhùn tán ló wá ní, "Ẹ̀yin ẹ ṣáà ń gbádùn tiyín ńlé, ẹ ò kí ń san bíìlì omi." Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní Àǹtí mi, àwa là ń sanwó jù, a kàn ò kí ń rí bíìlì ẹ̀ ni.

Torí ẹ wò ó. Ẹni tó bá kọ́lé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, kó tó ra ilẹ̀kùn ló ti ń ro ti omi. Ó máa gbẹ́ kànga tàbí bọ́ọ̀hóòlù, ó máa ra súmò, ó máa ra tánkì, ó máa ṣe irin tí tánkì máa jókòó lé, ó máa wá iná tó máa fa omi yẹn gòkè, yálà jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà, torí NẸ́PÀ ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹni tó bá dẹ̀ wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, ₦225 ni wọ́n gbé yúníìtì kan lé fún un ní April 2024. Gbogbo ìyẹn, owó omi ni. Láńdíọ́ọ̀dù tó bá ṣe é tán á gbé e lé orí rẹ́ǹtì, ẹ lọ bi àwọn sítúdẹ́ǹtì LAUTECH ní àdúgbò Under G bóyá iye kan náà ni wọ́n ń gba yàrá tó ní omi àti yàrá tí kò ní. Ẹni tí kò dẹ̀ lówó rárá, orí ọmọ ẹ̀ ló fi ń sanwó, àárọ̀ kùtù kí ọmọ tó lọ síléèwé, ó ti ru omi lẹ́ẹ̀mẹta. Ká má tíì sọ owó oògùn táífọ́ọ̀dù o.

Ilẹ̀ wa náà ò dẹ̀ ràn wá lọ́wọ́. Orí àpáta la jókòó lé níbí. Omi abẹ́ ilẹ̀ ò wà káàkiri bí ti àwọn ará Èkó, inú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lókè àpáta ló wà, àti inú àwọn ibi tí àpáta ti là. Ẹ lè gbẹ́ tiyín kẹ́ ẹ bómi pàdé, kí aládùúgbò yín gbẹ́ tiẹ̀ jìn ju tiyín lọ kó má rí ju eruku, àwọn tó gbẹ́ ẹ á dẹ̀ gbowó wọn pé pérépéré, wọ́n ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ làwọn wá ṣe, àwọn ò ṣèlérí omi. Ìdí tí ìlú bíi tiwa fi nílò dáàmù àti páìpù ju ọ̀pọ̀ ibòmíì lọ nìyẹn, kò kí ń ṣe fáàrí. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n ṣe dí odò Ọbà tí wọ́n fi ṣe dáàmù fún Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ṣe Ẹrẹlú fún Ọ̀yọ́, tí Ìbàdàn ní Ẹlẹ́yẹlé àti Aṣẹ́jìrẹ́. Dáàmù wà. Páìpù tó máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà gbogbo wa, àti owó tí wọ́n á máa fi fà á lójoojúmọ́, níbẹ̀ ni wàhálà wà.

Mo padà sí ti ẹ̀gbọ́n mi, torí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ọdún 1989 ni ìjọba Margaret Thatcher ta àwọn ilé-iṣẹ́ omi England àti Wales fún aládàáni. Kí wọ́n tó tà á, ìjọba pa gbogbo gbèsè tó wà lọ́rùn wọn rẹ́, kí ẹni tó rà á lè bẹ̀rẹ̀ láìjẹ gbèsè. Lónìí, gbèsè gbogbo wọn lápapọ̀ ti ju bílíọ́nù 60 páùn lọ, Thames Water nìkan ju bílíọ́nù 15. Láàrin ìgbà yẹn wọ́n ń pín èrè fún àwọn tó ní ṣíà, páìpù tí wọ́n jogún dẹ̀ ń jò, nǹkan bíi bílíọ́nù mẹ́ta lita ló ń ṣòfò lójúmọ́ ní England àti Wales, ẹ̀gbin ṣáláńgá ń ṣàn wọ odò. Wọ́n wá ní kí àwọn èèyàn san sí i káwọn lè tún un ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, ṣé inú ẹni ò ní bí? Owó tó o rò pé o ti san fún páìpù látọdún yìí wá, wọ́n ní kó o tún un san.

Àmọ́ ohun kan wà nínú òfin wọn tó wù mí gan-an. Láti 1999, ilé-iṣẹ́ omi kankan ò gbọ́dọ̀ gé omi ilé ẹnikẹ́ni nítorí pé kò san bíìlì. Wọ́n lè pè é lẹ́jọ́, wọ́n lè máa dà á láàmú pẹ̀lú lẹ́tà, omi ò ní dá. Wọ́n dẹ̀ ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní WaterSure, ẹni tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́, tó ń lo mítà, tó ní ọmọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé, tàbí tí àìsàn ilé ẹ̀ ń gba omi púpọ̀, bíìlì ẹ̀ ò ní kọjá iye kan. Nínú gbogbo ariwo yẹn, wọ́n ṣì gbà pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ wà láìlómi.

Àwọn tó yí wọn ká ò dẹ̀ ṣe bíi tiwọn. Scotland ò ta tiwọn, ti ìjọba ni Scottish Water títí dòní, àwọn aráàlú dẹ̀ ń sanwó fún un, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gbà á pọ̀ mọ́ owó orí ilé. Ní Wales, láti 2001, ilé-iṣẹ́ tó ń fún ọ̀pọ̀ wọn lómi ò ní oníṣíà kankan, èrè tó bá wà inú iṣẹ́ ló ń padà sí. Northern Ireland ò ti ẹ̀ fún onílé ní bíìlì omi rárá, inú àpò ìjọba ló ti ń jáde. Erékùṣù kan náà, àwọn tó kù níbẹ̀, ìyẹn orílẹ̀-èdè Ireland, ti fagi lé owó omi ilé láti 1997. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn dojú dé tí gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ omi kan sílẹ̀ fún gbogbo ìlú, wọ́n ń ri mítà mọ́ iwájú ilé, wọ́n fi owó omi lélẹ̀ ní 2014, bíìlì àkọ́kọ́ sì jáde ní 2015. Àwọn èèyàn tú síta ní Dublin, wọ́n ní àwọn ti ń san owó omi nínú owó orí, àwọn ò san lẹ́ẹ̀mejì. Kò pẹ́ kò jìnnà, ní 2016 wọ́n dá a dúró, ní 2017 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó padà fún àwọn tó ti san. Ẹ gbọ́ o, ìjọba dá owó padà! Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí àwọn oníwọ́de yẹn ò kí ń fẹ́ gbọ́ ni pé nígbà yẹn, omi tó sún mọ́ ìdajì èyí tí wọ́n ń fọ̀ ní Ireland ló ń jò dànù nínú ilẹ̀ kó tó dé ilé ẹnikẹ́ni. Bíìlì lọ, jíjò ò lọ. Ìjọba ni wọ́n ń wò lójú kó fi owó orí tún un ṣe, omi dẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bá ọsibítù, ilé ẹ̀kọ́ àti títì du owó kan náà lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni mi ò ti bá àwọn tó ń pariwo omi ọ̀fẹ́ lọ.

Àmọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ torí ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣàjèjì sí wa. Àwọn bàbá wa ṣe Agbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969. Owó kòkó ò dára, àwọn agbowó orí ń lé àgbẹ̀ wọ inú igbó, àwọn èèyàn ní òkè mẹ́fà, ìyẹn sílè ọgbọ̀n, làwọn máa san, àwọn ò san ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn ò rí ohun tí ìjọba ń fi owó yẹn ṣe fún àwọn. Nílùú yìí, ní July 1969, rògbòdìyàn yẹn gba ẹ̀mí Ṣọ̀ún fúnra ẹ̀, Ọba Ọlájídé Ọláyọ̀dé. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn yangàn. Ohun tí mo kàn ń sọ ni pé láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù owó orí ti ń ba olóṣèlú ilẹ̀ yìí, tí ẹ̀rù ìjọba dẹ̀ ń ba ẹni tó fẹ́ sanwó, ó ń rò ó pé tí òun bá san án, ibo ló ń lọ? Oníkálukú wá kó owó ẹ̀ padà sílé, ó gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù tiẹ̀, ó mọ ògiri yí i ká.

Ní November 2018 ni Ààrẹ Buhari kéde pé ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ti di pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Ó dáa. Àmọ́ ẹ wo bí owó ìjọba ṣe máa ń jáde fún omi lọ́dọ̀ wa. Ìbò ń bọ̀, bọ́ọ̀hóòlù ń bọ̀. Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á kun tánkì, orúkọ olóṣèlú á hàn lára ẹ̀ gàdàgbà ju omi lọ, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń ya ní fọ́tò nítorí pé ó pààrọ̀ wáṣà. Kò sí bọ́jẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó máa máa ṣọ́ ọ, kò sí fún súmò tó bá jó, kò sí fún iná. Oṣù díẹ̀ sí i, ewúrẹ́ ló máa ń sùn lábẹ́ ẹ̀. Owó kíkọ́ rọrùn láti rí torí gbajúmọ̀ wà níbẹ̀, owó títọ́jú ló ń pa wá, bó ṣe rí fún bọ́ọ̀hóòlù àdúgbò ló rí fún dáàmù ńlá tó ń lo iná rẹpẹtẹ, tó ń lo álọ́ọ̀mù àti klórínì tí wọ́n fi ń fọ omi mọ́ lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àdúgbò wa, torí èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ níbẹ̀, èmi ni mò ń kọ owó sílẹ̀. Irú bọ́ọ̀hóòlù olóṣèlú yẹn la ní. Nígbà tó kú, ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, a máa ń fi ṣe àmì júwe ọ̀nà fún àlejò ni. Nígbà tó yá a dá owó jọ, a ra súmò, a ra sólà díẹ̀ kún un, omi dé. Ìjà dẹ̀ dé pẹ̀lú ẹ̀. Bàbá alága wa ní kí ilé kọ̀ọ̀kan máa san ₦1,000 lóṣù, gbogbo wa dọ́gba, kò sí ìjọngbọ̀n. Ó dùn gbọ́. Àmọ́ ilé kan ní yàrá mẹ́wàá, èrò ibẹ̀ ò lóǹkà, ilé kejì sí i, ìyá àgbà kan ṣoṣo ló ń gbé ibẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kan lè tó o fọ́jọ́ méjì. Bọ̀dá kan dẹ̀ wà tó ń fọ mọ́tò, tó ń fa họ́ọ̀sì láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá tó ń ṣe láfún ní tòun náà ń lo omi, òótọ́ ni, àmọ́ ó ní gbogbo yín lẹ̀ ń jẹ àmàlà mi. Ìpàdé yẹn gbóná! Màmá láfún bi alága pé, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ìyá àgbà ni kó máa sanwó omi tí wọ́n fi ń fọ jíìpù ni?" Bàbá dákẹ́, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n tún un dé.

A wá pa á dà. Kẹ́ẹ̀gì la ń kà báyìí, ₦20 ọ̀kan, ilé kọ̀ọ̀kan ní iye kékeré tí kò ní sanwó fún lójúmọ́, ẹni tó bá ń fi omi ṣòwò ń san ju ìyẹn lọ. Inú bọ̀dá ọlọ́kọ̀ fífọ̀ ò dùn o, àmọ́ ó ń san án, torí tó bá lọ sọ́dọ̀ tánkà, á sanwó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ìyẹn ń tó ọmọ tó ń ṣọ́ ọ, ó ń tó wáṣà àti ẹ̀rọ, ó ń ṣẹ́ kù díẹ̀.

Nígbà tí mo wá kà nípa South Africa, mo rí i pé irú nǹkan tá a ṣe yẹn, orílẹ̀-èdè odindi ti fi ṣe ìlànà láti 2001: ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lita lóṣù fún ilé kan ní ọ̀fẹ́, èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n fojú bù sí ilé kan, ó dẹ̀ bọ́ sí lita 25 fún ẹnì kan lójúmọ́. Kẹ́ẹ̀gì kan gééré! Tó o bá lo jù bẹ́ẹ̀, o máa sanwó, bó o bá ṣe ń lò ó sí i ni owó ń gun òkè sí i. Kò pé o, àwọn àjọ ìlera ní lita 50 sí 100 ló yẹ kí èèyàn kan ní lójúmọ́, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọn kan náà dẹ̀ ń ṣe é lọ́nà tó mẹ́hẹ. Àmọ́ ó ní ìlà kan tí wọ́n fà sílẹ̀, pé ibí yìí ni ti ẹ̀tọ́ parí sí, ibí yìí ni òwò ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ rárá.

UNDP, ẹ̀ka ìdàgbàsókè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti dábàá pé kí owó omi má ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ilé kan. Owó oṣù tó kéré jù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ báyìí jẹ́ ₦80,000. Ìdá mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ ₦2,400. Báàgì píọ̀ wọ́tà mẹ́fà nìyẹn, lita 60, fún ilé odindi, fún oṣù kan odindi. Tẹ́ ẹ bá gbé ₦2,400 yẹn lọ sọ́dọ̀ mẹ́ruwà, kẹ́ẹ̀gì 24, kò pé ọ̀kan lójúmọ́. Àmọ́ tí ilé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá ń mú ₦2,400 wá lóṣooṣù fún omi ẹ̀rọ tó ń yọ lóòótọ́, owó gidi nìyẹn, ó máa ra álọ́ọ̀mù, ó máa sanwó òṣìṣẹ́. Kò kàn ní lè ri páìpù tuntun láti Ọbà dé Tákiè láàrin ìlú, kò ní lè tún dáàmù ṣe. Ìyẹn ló yẹ kí owó ìjọba wá ṣe, owó tí wọ́n ń fọ́n sí bọ́ọ̀hóòlù káàkiri yẹn gan-an, kí wọ́n kó o jọ síbì kan. Ti fífa ilé-iṣẹ́ omi lé aládàáni lọ́wọ́ tí àwọn kan ń sọ lórí rédíò, èmi ò fara mọ́ ọn, tí England pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ wọn ò bá lè dá wọn dúró kí wọ́n má jẹ gbèsè, ta ló máa dá tiwa dúró?

Àdúgbò wa náà ti kan ibi tí owó kẹ́ẹ̀gì ò tó mọ́. Bátìrì sólà ti ń rọ, òjò ọ̀sán kan báyìí, omi ò ní gòkè. Owó bátìrì tuntun ju gbogbo ohun tó wà nínú ìwé mi lọ. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan ní ká lọ rí olóṣèlú kan tó ń dije fún 2027, pé ó ń fún àwọn àdúgbò ní nǹkan. Mo dìde, mo ní tá a bá lọ, ẹ jẹ́ ká bi í léèrè ọ̀rọ̀ páìpù Ọbà, ká bi í pé èló ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún títọ́jú, ẹ̀yìn ìyẹn ká tó mẹ́nu ba bátìrì. Bàbá alága wò mí, wọ́n ní, "Akọ̀wé, gba bátìrì ná, ìgbà tí omi bá ń yọ lo máa bi í."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo kọ ọ́ sínú mínítì bó ṣe rí, mo dẹ̀ kọ ìbéèrè tèmi sí ìsàlẹ̀ ẹ̀.